Ọbẹ̀ Tó Dùn, Owó Ló Pa Á, Àmọ́ Èló Ni Kí Ó Pa Á?

Ìyàwó ilé kan tí ó pe ara rẹ̀ ní Ìyá Ìbejì, Tanke, ní Ìlọrin níbí, ni ó kọ lẹ́tà tí mò ń dáhùn lónìí. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni ó ń ṣe ní ọ̀nà Fate, aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ sì máa ń lù kí ó tó wọlé bá ọmọ mẹ́ta. Láti oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá ni ó ti ń sanwó fún obìnrin kan tí ó máa ń di èlò ọbẹ̀ sínú náílọ́ọ̀nù fún un: ata lílọ̀, ẹ̀fọ́ tí a ti ṣà, tí a ti fọ̀, tí a sì ti gé, ẹran tí a ti bọ̀, epo àti irú tí a ti wọ̀n, ọlọ́kadà yóò sì gbé gbogbo rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà. Láìpẹ́ yìí ni ìyá ọkọ rẹ̀ dé láti Òmù-Àrán. Wọ́n ṣí fírísà, wọ́n bá náílọ́ọ̀nù mẹ́wàá tí a kọ orúkọ ọbẹ̀ sí lára, wọ́n sì bi í bóyá ilé ọkọ ni ó wà tàbí inú ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ rẹ̀ tí kò sọ nǹkan kan láti oṣù mẹ́jọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó. Ìbéèrè rẹ̀ ni pé: “Ṣé owó yìí tọ́ sí ohun tí mò ń rà, àbí ọ̀lẹ ni mí lóòótọ́?”

Ọmọ mi, ìbéèrè méjì ni o bi mí, o sì so wọ́n pọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ ti owó, èkejì jẹ́ ti orúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́. Ti owó ni n ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé bí a bá ti mọ iye tó wà níbẹ̀, a ó mọ ohùn tí a ó fi dá ìyá lóhùn.

Inú mi dùn pé o kọ ìṣirò rẹ ránṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé sí mi nípa owó kì í dárúkọ iye kankan. Àdìpọ̀ mẹ́rin lò ń rà lọ́sẹ̀ ní ₦9,500 ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó já sí ₦38,000. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọlọ́kadà ń wá, ₦1,500 ni ó sì ń gbà lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ wá di ₦41,000. O ní nígbà tí ìwọ fúnra rẹ lọ sí ọjà Mandate ní Sátidé tó kọjá láti ra ohun kan náà kí o lè mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀, ₦30,000 ni o fi ra èlò, ₦400 ni o san níbi ẹ̀rọ ata, ₦1,600 sì ni kẹ̀kẹ́ gbà ní àlọ àti àbọ̀. ₦32,000 nìyẹn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn jẹ́ ₦9,000 lọ́sẹ̀. O sì kọ ọ́ pé wákàtí márùn-ún gbáko ni ó gbà ọ́, láti ìgbà tí o jáde nílé títí di ìgbà tí o gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Bí a bá pín ₦9,000 sí ọ̀nà márùn-ún, ₦1,800 ni ò ń san lórí wákàtí kọ̀ọ̀kan kí o má baà lọ sí ọjà, kí o má sì gé ẹ̀fọ́.

Àwọn kan yóò ní kí o wo iye tí wákàtí kan ń mú wá fún ọ níbi iṣẹ́. Bí ó bá ju ₦1,800 lọ, kí o máa ra àdìpọ̀ rẹ, bí kò bá sì tó bẹ́ẹ̀, kí o mú ọ̀bẹ. Èmi kò fara mọ́ ìṣirò yẹn. Kò sí ọ̀gá tí yóò sanwó wákàtí márùn-ún ọjọ́ Sátidé fún ọ nítorí pé o kò lọ sí Mandate. Ohun tí mo fẹ́ kí o wò ni iye tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ ní ìlú yìí. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin Nàìjíríà fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Bí òṣìṣẹ́ bá fi ọjọ́ 22 ṣiṣẹ́ lóṣù, ní wákàtí 8 lójúmọ́, wákàtí rẹ̀ kan kò pé ₦400. Owó tí ò ń san lórí wákàtí kan ju ìlọ́po mẹ́rin èyí lọ, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ náà ni: ká rajà, ká ṣa ewé, ká fọ̀ ọ́, ká gé e.

N kò sọ pé olè ni ẹni tó ń tà á fún ọ. Náílọ́ọ̀nù lówó lórí, fírísà lówó lórí, àti láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, ẹni tó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ gbé fírísà mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ṣùgbọ́n mọ ohun tí ò ń rà. Ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú ₦9,000 náà máa lọ sórí epo jẹnẹrétọ̀ àti àwòrán ọbẹ̀ orí WhatsApp. Ohun tó ń kan ọ̀bẹ lè má pọ̀.

Àwọn tó gbé irú òwò yìí dé ọjà, ìṣòro tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Ní ilẹ̀ Sweden ni ó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007. Ilé-iṣẹ́ HelloFresh bẹ̀rẹ̀ ní Berlin lórílẹ̀-èdè Jámánì ní 2011, Blue Apron sì tẹ̀ lé e ní New York ní 2012. Inú páálí ni wọ́n ń kó èlò oúnjẹ sí, wọn a wọ̀n ọ́n gẹ́lẹ́ fún iye ẹnu tó wà nílé, wọn a sì fi ìwé tó ń ṣàlàyé bí a ó ṣe sè é sínú rẹ̀. Ó ní àǹfààní fún wọn, nítorí pé ẹni tó bá nílò ṣíbí èròjà kan ṣoṣo ní ìlú òyìnbó lè ní láti ra odidi ìgò, kí ìyókù sì bàjẹ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ta ló máa sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ ní Ọjà Ọba? Aláta yóò ta ìwọ̀nba tí owó rẹ ká, yóò sì tún he ata rodo méjì lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ènì. Àdìpọ̀ kò ní ènì, ọmọ mi. Ohun tí wọ́n bá dì ni wàá bá níbẹ̀.

Nǹkan méjì mìíràn wà nínú ìṣe àwọn ará ibẹ̀ tí mo rí nínú lẹ́tà rẹ. Àkọ́kọ́, wọ́n máa ń dín owó páálí ìbẹ̀rẹ̀ kù gan-an kí ẹnu lè mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ni iye rẹ̀ gan-an yóò yọjú. O kọ ọ́ pé ₦6,500 ni o fi bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹfà. Ìkejì, owó a máa yọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí oníbàárà yóò fi sọ pé ó tó, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ náà ṣe ń san ti oṣù kan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, yálà ẹ jẹ ẹ́ tán tàbí ẹ kò jẹ ẹ́ tán. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, báwo ni náílọ́ọ̀nù mẹ́wàá ṣe kó ara wọn jọ sínú fírísà ẹni tó ń ra mẹ́rin lọ́sẹ̀? Tún wo iye náà fúnra rẹ̀. Ní oṣù Keje tí òjò mú kí tòmátì Òkè Ọya wọ́n bí ojú, ₦9,500 ni o san. Ní oṣù Kejì yìí tí ẹ̀ẹ̀rùn ti kó tòmátì kún ọjà, ₦9,500 náà ni. Oníṣòwò ni ẹ̀ẹ̀rùn ṣe lóore, ìwọ kò rí nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kó mi láyà sókè jù ni pé ọ̀sán ni ọlọ́kadà ń gbé e dé, tí aládùúgbò rẹ ń gbà á sílẹ̀, tí ó sì ń dúró dè ọ́ lórí tábìlì títí di aago mẹ́fà ààbọ̀. Ẹran bíbọ̀ wà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà wá níyànjú pé kí oúnjẹ tí a ti sè má ṣe ju wákàtí méjì lọ níta láìsí nínú òtútù, kí òtútù fíríìjì sì wà nísàlẹ̀ ìwọ̀n 5 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì. Ní Ìlọrin, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, inú náílọ́ọ̀nù tí a so lẹ́nu pinpin! Èmi náà ti rà á rí, nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn mí tí n kò lè rìn dé ọjà. Ewédú ni. Nígbà tí mo tú u, ó ti ń yọ ìfófòó bí ọṣẹ, òórùn rẹ̀ sì dà bí omi ògì ọjọ́ kẹta. Mo pe ẹni tó tà á fún mi, ó ní NEPA ló fa á. Mo bi NEPA, wọn kò dá mi lóhùn.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè owó ni pé ó tọ́ kí o sanwó fún ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n ibi tí ò ń san án sí kò tọ̀nà. Iṣẹ́ ni kí o sanwó fún. Má sanwó fún dídì. Ìdajì ohun tó wà nínú àdìpọ̀ yẹn ti wà ní ọjà wa kí ẹnikẹ́ni tó sọ ọ́ di òwò orí fóònù. Lọ sí ọjà Ìpàtà ní òwúrọ̀ kí o lọ wo ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́. Yóò kó ṣọkọ jọ, yóò fún un pọ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, yóò fi ọ̀bẹ tí pípọ́n ti jẹ kù tẹ́ẹ́rẹ́ máa gé e sórí àtẹ wínníwínní, yóò sì máa bi ọ́ léèrè àlàáfíà ọmọ rẹ láìwo ọwọ́ ara rẹ̀. Owó táṣẹ́rẹ́ ni yóò gbà, òmíràn kò tilẹ̀ ní gbà ju owó ẹ̀fọ́ lọ bí o bá ti di oníbàárà rẹ̀.

O ní obìnrin kan ń wá bá ọ fọ aṣọ ní Sátidé, ₦12,000 ni o sì ń san fún un lóṣù. Ìyẹn dára, má fọwọ́ kàn án. Aṣọ ìbejì àti ti ẹ̀gbọ́n wọn kì í ṣe eré. Bi òun náà léèrè bóyá ó lè máa bá ọ rajà, kí ó sì bá ọ gé ẹ̀fọ́, tàbí kí ó júwe ẹni tó lè ṣe é. San ₦1,000 fún wákàtí kan. Ní wákàtí márùn-ún, ₦5,000 ni, owó yìí sì ju ìlọ́po méjì ohun tí òṣìṣẹ́ olówó kékeré ń gbà lọ, ìwọ náà yóò sì tún fi ₦4,000 pamọ́ lọ́sẹ̀. Kí ó bẹ̀rẹ̀ ní aago méje kí oòrùn tó mú, kí ẹ se ọbẹ̀ ata àti ẹ̀gúsí lọ́jọ́ náà, kí ẹ bù wọ́n sínú abọ́ kéékèèké, kí wọ́n sì wọ fírísà kété tí wọ́n bá ti tutù. Ewédú àti ilá, ọjọ́ tí a ó jẹ wọ́n ni kí a sè wọ́n. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn tàbí iṣẹ́ ìparí oṣù bá dé, ra àdìpọ̀ kan, má san ti oṣù sílẹ̀, kí o sì ní kí ọlọ́kadà gbé e wá nígbà tí o bá ti wà nílé.

Ọkọ rẹ tó ń ka owó, jẹ́ kí ó ka wákàtí pẹ̀lú. Nínú gbogbo ojú ìwé mẹ́ta tí o kọ, n kò rí wákàtí kan ṣoṣo tí ó jẹ́ tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ òun ló ní mọ́tò. Kò sí ohun tó burú bí ó bá gbé obìnrin yẹn dé ọjà ní òwúrọ̀ Sátidé, tí ó sì lọ gbé e wálé. ₦1,600 kẹ̀kẹ́ náà yóò wà nílẹ̀.

Ó wá ku orúkọ tí wọ́n fẹ́ sọ ọ́. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Òrò, ẹ̀rọ ata kan ṣoṣo ló wà ní àdúgbò wa, ìyá ìyá mi kò sì fẹ́ gbọ́ ìró rẹ̀. Wọ́n ní irin ni ọbẹ̀ rẹ̀ ń ta lẹ́nu. Ìdí ọlọ ni wọ́n máa ń kúnlẹ̀ sí ní ìrọ̀lẹ́ títí àbúrò wọn ọkùnrin fi ra ẹ̀rọ tirẹ̀, tí adùn sì ṣàdédé wọ inú ata ẹ̀rọ ní ọjọ́ kejì. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó sanwó fún iṣẹ́ ìdáná ni ọ̀lẹ, a jẹ́ pé ìyá ọkọ rẹ ti ń ṣe ọ̀lẹ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ gbé ike ata dé ibi ẹ̀rọ. Má sọ bẹ́ẹ̀ lójú wọn o, èmi ni mo sọ ọ́.

Ohun tí n ó fẹ́ kí o ṣe ni kí o kúnlẹ̀ kí wọn, kí o sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá yín yan irú àti ẹ̀gúsí ní Sátidé tó ń bọ̀, nítorí ojú wọn mọ èyí tó dára ju tìrẹ lọ, ìyẹn kì í sì í ṣe ẹ̀tàn. Iṣu tí wọ́n gbé wá láti Òmù-Àrán, ẹ gún un, kí ọkọ rẹ di odó mú. Bí wọ́n bá jẹun tán tí wọ́n sì béèrè ẹni tó gé ẹ̀fọ́ tó kúná báyìí, dárúkọ obìnrin náà fún wọn.