Ọmọ àbúrò mi sá nítorí ẹ̀sùn ìpànìyàn, ó ń pè mí lóru: kí ni kí n ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n bá òkú ọmọbìnrin kan nínú ilé tí wọn ò tíì kọ́ parí ládùúgbò àbúrò mi ọkùnrin. Wọ́n mú ọmọkùnrin méjì, àwọn yẹn sì dárúkọ ọmọ àbúrò mi mọ́ ara wọn. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, ó sì ti sá lọ. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá ò rí i, bàbá rẹ̀ ni wọ́n gbé, ó di ọjọ́ kẹrin lónìí. Lálẹ́ Sátidé, ọmọ náà fi fóònù ẹlòmíì pè mí, ó ní kí n fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ránṣẹ́ kí òun lè wọkọ̀ lọ Kútọnu. Ó ti tún pè lẹ́ẹ̀mejì. Èmi ni mo tọ́ ọ fún ọdún mẹ́ta nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Àwọn ará ilé ní Facebook àti fíìmù ògùn owó ló kọ́ ọ, àwọn mìíràn ní wọ́n fi nǹkan mú un ni. Ṣé kí n fi owó náà ránṣẹ́? Tó bá sì jẹ́ pé wọ́n kó sí i lórí ni, ṣé ìyẹn lè gbà á sílẹ̀ ní kóòtù? (Ìyá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹ má fi owó yẹn ránṣẹ́. Mo sọ ọ́ ṣáájú àlàyé, torí ó lè tún pè kí ẹ tó kà á tán.

Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí à ń lò lápá ọ̀dọ̀ wa, ní abala 10, sọ pé ẹni tó bá gba ọ̀daràn sílé tàbí tó ràn án lọ́wọ́ kó lè bọ́ lọ́wọ́ ìyà, tó sì mọ̀ pé ó jẹ̀bi, ti di alábàápín nínú ọ̀ràn náà. Tó bá jẹ́ ìpànìyàn ni, abala 322 ní ó lè já sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ìyàwó tó bo ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Kò yọ ẹ̀gbọ́n bàbá. Ẹ lè ní ẹ ò mọ̀ bóyá ó jẹ̀bi, òótọ́ sì ni, agbẹjọ́rò ìjọba ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró níwájú adájọ́ kó máa ṣàlàyé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń fi ₦5,000 ránṣẹ́ lóru sí nọ́ńbà tí kò mọ̀, lẹ́yìn tí gbogbo àdúgbò ti gbọ́?

Àwọn ọmọ máa ń rò pé tí àwọn bá ti ré ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá, ó parí. Láti 1984 ni Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà ti tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn á máa dá ẹni tí òfin ń wá padà fún ara wọn. Ọmọ ọdún 17 tí kò lówó, tí kò gbọ́ Faransé, tó délùú onílùú lóru: ẹni tó máa kọ́kọ́ fún un lóúnjẹ ni yóò di ọ̀gá rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn sọ́kàn, màá padà sí i. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kí ọwọ́ àwọn èrò tẹ̀ ẹ́ ṣáájú ọlọ́pàá. Ní Aluu, ní Ìpínlẹ̀ Rivers, lọ́dún 2012, akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ni wọ́n lù tí wọ́n sì dáná sun nítorí pé ẹnì kan pariwo olè.

Ti bàbá rẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe yẹn lòdì sófin. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀, ti 2015, sọ ọ́ gbangba ní abala 7 pé wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíì. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 tún un sọ. Ìwé òfin Nàìjíríà sì ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan tí kóòtù bá wà nítòsí, tí kò bá sí nítòsí, ọjọ́ méjì. Ọjọ́ mẹ́rin ti kọjá ààlà. Kí lọ́yà yín bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ibẹ̀ lónìí, kó má dúró de ìgbà tí ọmọ bá yọjú. Kí ẹnikẹ́ni má sì san kọ́bọ̀ fún béèlì rẹ̀, ohun yòówù kí wọ́n máa sọ lẹ́yìn káńtà.

Ó wá ku ohun tó gbé ọmọ débẹ̀. Agbẹjọ́rò ni mí, n kì í ṣe dókítà ọpọlọ. Ohun tí ojú mi rí nínú fáìlì àti nínú yàrá ìbẹ̀wò ni màá sọ. N kò sì sọ pé ọmọ yín pa ẹnikẹ́ni o. Aláìjẹ̀bi ni títí kóòtù yóò fi sọ̀rọ̀.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan Facebook kò ṣàì nídìí. Ní òpin oṣù Kìíní 2022, ní Òkè Arégbà l'Ábẹ́òkúta, ẹ̀ṣọ́ àdúgbò kan kẹ́fín pé àwọn ọ̀dọ́ kan ń sun nǹkan nínú ìkòkò. Orí ọmọbìnrin ni. Ọlọ́pàá ní ọmọ ọdún 17 sí 20 ni àwọn afurasí náà, ọ̀kan nínú wọn sì sọ pé orí Facebook lòun ti wá bí wọ́n ṣe ń ṣe ògùn owó. Ọ̀sẹ̀ méjì ò tíì pé tí ọ̀rọ̀ náà fi dé ilé aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá. Wọ́n tún dá àwọn fíìmù lẹ́bi, títí tí àjọ tó ń yẹ fíìmù wò fi kéde ní 2024 pé òun ò ní gba fíìmù tó ń gbé ògùn owó lárugẹ láyè mọ́.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rántí Owerri, 1996. Ọmọ ọdún 11 ni wọ́n pa ní òtẹ́ẹ̀lì Otokoto, tí wọ́n gé lórí, tí ìlú fi gbaná. Kò sí Facebook lọ́dún náà. Àgbàlagbà ni àwọn tí wọ́n gbé dé kóòtù, àwọn kan nínú wọn sì lówó rẹpẹtẹ. Ìgbàgbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ èèyàn ń di owó ti wà nílé kí fóònù tó wọlé. Ohun tí fóònù ṣe ni pé ó yọ àgbàlagbà kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Láyé ijọ́hun, ọmọ tó bá ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, ẹni náà sì lè gbá a létí kó lé e padà sílé. Ní báyìí, yóò tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù lábẹ́ aṣọ ìbora, kò sí ẹni tó máa bi í pé kí lo fẹ́ fi ṣe.

Síbẹ̀, nínú èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹjọ́ tí mo ti rí, èèyàn kan wà lẹ́yìn ọmọ. Ẹ rántí Akínyẹlé n'Íbàdàn, 2020. Láàárín oṣù Kẹfà nìkan, wọ́n pa èèyàn léraléra níbẹ̀, ọmọdé wà nínú wọn. Nígbà tí ọlọ́pàá mú ọmọ ọdún 19 kan ní oṣù Keje, ó ní oníṣègùn ìbílẹ̀ kan, ẹni àádọ́ta ọdún, ló ń rán òun, pé òun ń gba ₦500 àti oúnjẹ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹjọ, ó sá kúrò ní àgọ́ ọlọ́pàá Mọ́kọ́lá. Ọjọ́ méjìlá gbáko ni Ìbàdàn ò fi sùn, kí wọ́n tó tún mú un ní Bódìjà. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni àwọn èèyàn ń pariwo nígbà náà. Èmi, oúnjẹ yẹn ni n kò lè gbàgbé. Ẹni tó ń bọ́ ọmọ ló ń rán an níṣẹ́, ẹ bi ara yín léèrè pé ta ló ti ń bọ́ tiyín láti bí ọdún kan sẹ́yìn, tí ó ti kúrò lọ́dọ̀ yín. Fóònù ọwọ́ rẹ̀, ta ló rà á? Ṣé ó ní ẹni tó ń pè ní “bọ́ọ̀sì” tàbí “álífáà” tí bàbá rẹ̀ ò rí rí?

Àwọn ọ̀rẹ́ sì wà. Mo ti jókòó ti ọmọkùnrin kan rí tó jẹ́ pé tọ́ọ̀ṣì ló dì mú, òun nìkan ni kò fọwọ́ kan ẹni tó kú. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi ju tọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kó máa lọ ilé. Ó wo bàtà rẹ̀ títí, ìkan nínú rẹ̀ ti já tí wọ́n fi wáyà so ó. Ó ní, “Wọ́n á ní ojo ni mí, sà.” Gbogbo àlàyé rẹ̀ nìyẹn. Àwọn mẹ́ta tí kò sí èyí tó lè dá ṣe é, tí ìkọ̀ọ̀kan ń dúró kí ẹnì kejì sọ pé ká padà.

Ìgbà míì sì wà tí èèyàn máa wá ìdí títí, tí kò ní rí i. Ní Kánádà ní oṣù Keje 2019, ọmọkùnrin méjì, ọ̀kan ọdún 18, èkejì 19, tí wọ́n jọ jẹ́ ọ̀rẹ́ ní Port Alberni, pa èèyàn mẹ́ta lẹ́bàá títì, wọ́n wa mọ́tò nǹkan bí 3,000 kìlómítà dé igbó Manitoba, wọ́n sì pa ara wọn síbẹ̀. Àwọn oníròyìn tú ojú ìwé géèmù wọn, wọ́n rí àwòrán àwọn Nazi, gbogbo ayé ní a ti rí i. Ọlọ́pàá rí fídíò mẹ́fà tí àwọn ọmọ náà fi sílẹ̀: wọ́n jẹ́wọ́, wọn ò sọ ìdí, wọn ò sì kẹ́dùn. Ọlọ́pàá kọ̀ láti gbé e jáde kí àwọn mìíràn má bàa fi kọ́ṣe. Mo fẹ́ kí àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn tiwa, tó ń gbé gbohùngbohùn síwájú ọmọ tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí lọ́wọ́ kó lè ka ohun tó fi se ògùn, ronú sí èyí.

Ẹ bi mí bóyá ohun tó kó sí i lórí lè gbà á sílẹ̀. Tí ẹ bá ń sọ ti kí wọ́n dá a láre, rárá. Ẹni tó rán èèyàn lọ pànìyàn ti pànìyàn lójú òfin, abala 7 Òfin Ìwà Ọ̀daràn. Kí ẹ lè rí onítọ̀hún mú ni ìdí tí mo fi ní kí ẹ wádìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi rẹ̀ kò gbé ti ẹni tí ó rán kúrò. Abala 8 sì ní àwọn tó bá jọ gbìmọ̀ ìwà burúkú ni yóò jọ jẹ ohun tó bá tinú rẹ̀ yọ, “tọ́ọ̀ṣì nìkan ni mo dì mú” kì í yọ èèyàn kúrò nínú rẹ̀. Ògùn tí wọ́n fi mú un? Láti ìgbà ẹjọ́ Gadam ní 1954 ni ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti kọ̀ láti gba ìgbàgbọ́ nínú àjẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwáwí fún ìpànìyàn. Igbó àti kódíìnì tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ mu, ibi tí ó lè ràn án lọ́wọ́ kò pọ̀ rárá.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti wúlò ni ọjọ́ orí rẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ṣe tirẹ̀ láti 2006, ní ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ọmọdé ni. Wọn ò gbọdọ̀ dájọ́ ikú fún un. Kóòtù ẹbí ló ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, wọn ò gbọdọ̀ tẹ orúkọ àti àwòrán rẹ̀ jáde, kí kóòtù tó pinnu ibi tí yóò gbé e lọ, òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn yóò wádìí ilé tó ti wá, ilé ìwé rẹ̀, àwọn tó ń bá rìn. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti fẹ́ gbọ́ ti ìyá tó kú, ti ọdún mẹ́ta tí ẹ tọ́ ọ, àti ti ẹni tó ń pè ní bọ́ọ̀sì. Ọjọ́ tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n mú un. Tó bá fẹ́ pé 18 lóṣù tó ń bọ̀, ìyẹn ò yí nǹkan kan padà.

Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi ìwé hàn. Ní àgọ́ kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n kọ 20 síwájú ọjọ́ orí ọmọ tí mo lọ bójú tó, torí irun ti hù lágbọ̀n rẹ̀. Ìyá-ìyá rẹ̀ ló tú ìdí ìró, ó yọ káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára kan jáde nínú ọ̀rá, epo ti ta sí i, ṣùgbọ́n a ṣì rí ọjọ́ ìbí kà. Ọdún 17 àti oṣù mẹ́rin. Oṣù méje la fi jà kí wọ́n tó yí i padà nínú fáìlì, kí wọ́n sì yọ ọ́ láàárín àwọn àgbàlagbà.

Tó bá pè lálẹ́ òní, ẹ bi í bóyá ó ti jẹun, àti ibi tó wà. Ẹ má jẹ́ kó ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín. Wọ́n lè pè yín ní ẹlẹ́rìí, ẹ ò sì ní lè parọ́. Ohun tó bá sọ fún lọ́yà rẹ̀ nìkan ni Òfin Ẹ̀rí bò. Ẹ fún un ní nọ́ńbà lọ́yà. Tí ẹ ò bá ní owó lọ́yà, ọ́fíìsì Legal Aid Council wà n'Íbàdàn, ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí kò ní. Kí ẹ̀yin, lọ́yà àti ìbátan kan mú un lọ ní ọ̀sán gangan, kì í ṣe sí àgọ́ àdúgbò tí inú ti ń bí àwọn èèyàn. Ìyágankú, níbi tí ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀ràn ńlá wà n'Íbàdàn, ni wọ́n á gbé ẹjọ́ ìpànìyàn lọ níkẹyìn, ẹ gba ibẹ̀ lọ tààrà. Kó sọ orúkọ àti ọjọ́ orí rẹ̀, kó sì dákẹ́ títí lọ́yà á fi jókòó tì í. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ sí ìwé tí kò kà.

Àwọn àgbà ẹbí yín á fẹ́ lọ bẹ ilé ọmọbìnrin tó kú. Mo mọ̀ pé bí a ṣe ń ṣe ni. Ẹ ní kí wọ́n ní sùúrù. Ọ̀ràn ìjọba ni ìpànìyàn, kò ṣeé parí nílé, ẹ̀bẹ̀ lásìkò yìí sì lè dà bí ẹni pé ẹ fẹ́ pa ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́. Ilé yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ ni.

Kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí, ẹ wá káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, ìwé ìbí, tàbí ìwé tí wọ́n fi gbà á wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣe fọ́tókọ́pì mẹ́ta. Fọ́tókọ́pì ni kí ẹ fún IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà. Ojúlówó rẹ̀, ọwọ́ yín ni kó wà.