Ọmọ mi ní community college lòun ń lọ, ṣé kí n gbà fún un?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará wa. Alief ni mo ń gbé, ní Houston níbí. Ọmọ mi ọkùnrin, Ṣeun, máa parí high school lóṣù karùn-ún. Mo ti sọ fún tẹbí-tará pé nọ́ọ̀sì ló máa ṣe, yunifásítì ni mo sì fọkàn sí. Àfi bó ṣe ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ kan tó ní process technology, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ epo àti kẹ́míkà, lòun máa kà ní community college, ọdún méjì péré, kóun bọ́ síléeṣẹ́ epo. Ó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́sàn-án ló pawọ́ pọ̀ ṣe é, pé ibi yòówù kóun ti bẹ̀rẹ̀, bákan náà ni. Bàbá rẹ̀ ń bínú, ó ní kí ni ìyẹn fi yàtọ̀ sí OND tí wọn kì í kà sí nílé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀ kó là mí lóye. Ṣé òótọ́ ni ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yìí, àbí ọ̀rọ̀ kí wọ́n lè rí ọmọ kó jọ ni?

Ìyá Ṣeun

ÌDÁHÙN

Ìyá Ṣeun, ẹ kú àníyàn ọmọ. Baytown ni mo wà, níbi tí iná orí páìpù iléeṣẹ́ ìfọpo ti máa ń mọ́lẹ̀ sí wa lójú fèrèsé lóru. Ọmọbìnrin mi gba ọ̀nà tí ọmọ yín fẹ́ gbà yìí, ó ti di ọ̀pẹ̀rétọ̀, ìyẹn ẹni tó ń darí ẹ̀rọ níléeṣẹ́.

Òótọ́ ni wọ́n pawọ́ pọ̀. Lee College ìlú wa níbí ló ń ṣe agbátẹrù. Àwọn mẹ́jọ yòókù ni Houston Community College (HCC) tiyín, San Jacinto, Lone Star, Alvin, Brazosport, Galveston, College of the Mainland àti Wharton County. Ní 2013 ni iléeṣẹ́ epo ExxonMobil gbé owó kalẹ̀, tí wọ́n pe iṣẹ́ náà ní Community College Petrochemical Initiative. Kì í ṣe sàráà o. Nígbà yẹn, gáàsì inú àpáta ti pọ̀ ní Amẹ́ríkà, owó rẹ̀ ti wálẹ̀, àwọn iléeṣẹ́ kẹ́míkà etí òkun Texas sì ń sáré kọ́ tuntun kún tàtijọ́. Èyí tí Exxon kọ́ sí Baytown láti máa sọ gáàsì ethane di ethylene tí wọ́n fi ń ṣe ike bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, 1.5 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ló lè ṣe lọ́dún kan. Bí wọ́n ṣe ń kọ́lé, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà òṣìṣẹ́ ń fẹ̀yìn tì. Ta ló máa wá dúró ti ẹ̀rọ? Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ṣoṣo ò lè pèsè gbogbo ọ̀pẹ̀rétọ̀, wẹ́dà, oníná àti fíttà tí wọ́n ń wá.

Wọ́n ń fi owó yẹn kọ́ àwọn olùkọ́ ní ohun tuntun, wọ́n ń fi ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, wọ́n sì ń fi lọ bá àwọn ọmọ high school sọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni Ṣeun ti gbọ́ ọ. Èmi rò pé èrè tó tóbi jù ni pé àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ì bá máa du ọmọ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ jọ ń bá iléeṣẹ́ sọ̀rọ̀, iléeṣẹ́ náà ò sì ní máa sọ ohun kan náà nígbà mẹ́sàn-án.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé ibi yòówù kó ti bẹ̀rẹ̀, bákan náà ni, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní ti ẹ̀kọ́, kò purọ́. Àjọ kan wà tó ń jẹ́ NAPTA, àwọn olùkọ́ àtàwọn aṣojú iléeṣẹ́ ló wà níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n jọ ń fẹnu kò lórí ohun tí ọ̀pẹ̀rétọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó fọwọ́ kan fáàfù. Ìjọba Texas náà ní ìwé kan tí gbogbo community college ti ń mú kọ́ọ̀sì iṣẹ́. PTAC 1302, tó jẹ́ ìfáárà sí process technology, nọ́ńbà kan náà ló ń jẹ́ ní HCC, San Jacinto àti Lee. Bí ẹ bá kó lọ sí Pasadena, níbi tí San Jacinto wà, láàárín kan, kò ní tún bẹ̀rẹ̀ láti a-b-d. Kìkì pé ó kéré tán, ìdá kan nínú mẹ́rin kírẹ́díìtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì tó máa fún un níwèé ẹ̀rí.

Owó ibẹ̀ kì í ṣe bákan náà. Owó orí ilé táwọn ará àdúgbò ń san wà lára ohun tó ń gbé kọ́lẹ́ẹ̀jì wọn ró, ìdí nìyẹn tọ́mọ àdúgbò fi ń san iye tó kéré jù. Abẹ́ HCC ni Alief wà. Bí Ṣeun bá sọdá sí San Jacinto, wọ́n máa fi kún owó rẹ̀.

Ohun èlò wọn náà ò dọ́gba. Ẹ mú un lọ wo ilé tí San Jacinto ṣí ní Pasadena lọ́dún 2019. Iléeṣẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀ fún ìkẹ́kọ̀ọ́, kẹ́míkà olómi kan tó ń jẹ́ glycol ló ń gba inú rẹ̀, pẹ̀lú páìpù, táńkì àti pọ́ǹpù gidi. Níbi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ kan á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa ṣọ́ bí ooru àti ìfúnpá ṣe ń lọ. Àwọn kan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù pẹ̀lú rédíò lọ́wọ́. Olùkọ́ á lọ pa pọ́ǹpù kan láìsọ fẹ́nì kankan. Ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà á rí i pé nọ́ńbà ń já wálẹ̀, á pariwo sínú rédíò pé kí wọ́n lọ wo pọ́ǹpù, ẹni tó wà níta á máa sáré kiri. Ọmọ mi ní ibi irú wàhálà àmọ̀ọ́mọ̀dá yẹn lòun ti mọ̀ pé iṣẹ́ náà wà lára òun. Ọmọ tí àyà rẹ̀ máa ń já, ibẹ̀ náà ló ti máa mọ̀.

Ẹ bá mi kí bàbá Ṣeun. Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù, èmi náà jáde poli nílé, mo mọ bí wọ́n ṣe máa ń wo oní-HND tàánú-tàánú. Ibí yìí yàtọ̀, torí ìwé ẹ̀rí ọlọ́dún méjì yìí gan-an ni iléeṣẹ́ máa ń dárúkọ nígbà tí wọ́n bá ń wá ọ̀pẹ̀rétọ̀. Ibi tí ẹ̀rù ti yẹ kó bà wọ́n ni pé bí Ṣeun bá fẹ́ di ẹnjiníà lọ́jọ́ iwájú, púpọ̀ nínú àwọn kọ́ọ̀sì PTAC yẹn ò ní wúlò fún un ní yunifásítì. Àwọn dìgírì kan wà tó ń gbà wọ́n, Brazosport pàápàá ń fún èèyàn ní Bachelor of Applied Technology, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe dìgírì ẹnjiníà. Nítorí náà, ẹ bi í léèrè. Bí ìṣirò bá dùn mọ́ ọn, tó ń lálàá ẹnjiníà, kó gba ìlà tó ń lọ sí yunifásítì láti ọjọ́ kìíní, ní HCC yẹn náà.

Kò sẹ́ni tó ṣèlérí iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni o. Bí epo bá ṣubú, ìgbanisíṣẹ́ á dúró. Ẹ rántí 2020. Àwọn tó rí internship kí wọ́n tó jáde ni wọ́n máa ń tètè ríṣẹ́, torí náà ohun tí ẹ máa bi kọ́lẹ́ẹ̀jì ni iléeṣẹ́ wo ló gba ọmọ wọn lọ́dún tó kọjá. Ó máa nílò TWIC, káàdì ìdánimọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún òṣìṣẹ́, kó tó lè dá wọ àwọn iléeṣẹ́ etí omi, wọ́n máa yẹ ìwé rẹ̀ wò, wọ́n sì máa yẹ ara rẹ̀ wò bóyá ó ń mu igbó. Ẹ sọ ìyẹn fún un tagbára-tagbára. Wákàtí méjìlá ni ṣíìfù, ọ̀sán tàbí òru, Kérésì tàbí ọdún tuntun. Aṣọ ẹbí ọmọ mi pọ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, a ti rán wọn, kò tíì wọ ọ̀pọ̀ nínú wọn rárá.

Bí Ṣeun bá ní àbúrò ní high school, ẹ béèrè ètò ìrànwọ́ tó ń jẹ́ FAST. Láti 2023 ni Texas ti ń jẹ́ kí ọmọ tó bá yẹ fún oúnjẹ ọ̀fẹ́ tàbí ẹ̀dínwó níléèwé ṣe kọ́ọ̀sì kọ́lẹ́ẹ̀jì láìsan kọ́bọ̀, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ti wà nínú ètò náà. Òfin ọdún yẹn kan náà, House Bill 8, ló mú kí owó tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ń gbà lọ́wọ́ ìjọba dá lórí iye ọmọ tó gba ìwé ẹ̀rí tó níye lórí, yàtọ̀ sí iye tó kàn wọlé. Torí náà, bí advisor bá ń pe Ṣeun ṣáá pé kó wá parí kọ́ọ̀sì rẹ̀, kó máa gbé fóònù.

Bí ẹ bá fẹ́ wá wo Lee, ẹ pè mí ṣáájú, màá mú yín yí ká. Kí bàbá Ṣeun bá yín wá, kí wọ́n bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ fúnra wọn bí kò bá sí níbi iṣẹ́. Ẹ má wá ní ìrọ̀lẹ́ o, ọkọ̀ máa ń dí lójú ọ̀nà I-10 ní aago márùn-ún.

Bàbá Ìbejì, Baytown