Ẹ̀rọ orúnkún tí mo rà ní 180,000

Àbúrò tó ń béèrè bóyá kó ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń wé mọ́ orúnkún fún màmá ẹ̀ ní Kubwa l'Ábújá, èyí tí wọ́n ní ó máa jẹ́ kí cartilage (nǹkan tó ń bo orí eegun nínú oríkèé) hù padà, jọ̀ọ́ dúró ná. Mo ti ra irú ẹ̀, 180,000 náírà gbáko.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wa bọ́ọ̀sì láti Nyanya sí Berger, ẹ sì mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà yẹn, ẹsẹ̀ òsì lórí klọ́ọ̀ṣì látàárọ̀ ṣúlẹ̀, títí orúnkún ẹ̀ fi ń dún kẹ́kẹ́ bí ilẹ̀kùn tí ò rí òróró. Ẹ̀rọ yẹn ń gbóná, ó ń gbọ̀n, iná pupa ń tàn lára ẹ̀, ó dùn mọ́ mi lára mi ò ní parọ́, àmọ́ kí n tó dé páàkì ìrora á ti padà.

Dókítà eegun ló wá là mí lójú. Ó ní cartilage ni nǹkan funfun tó ń yọ̀ lórí eegun adìẹ tá a máa ń rún yẹn, pé ẹ̀jẹ̀ kì í gba inú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí kì í fi í jinná bí egbò. Ooru àtòde wá fẹ́ mú un hù báwo?

Èyí tó ń ṣiṣẹ́ wà o, àmọ́ iṣẹ́ abẹ ni. Agili-C, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2022, ara iyùn inú òkun ni wọ́n ti ń ṣe é (kì í ṣe irú tá à ń so mọ́rùn), wọ́n á gbẹ́ ojú ibi tó bàjẹ́, wọ́n á tì í bọ̀ ọ́ bí ìdérí ìgò, eegun àti cartilage á máa hù wọnú ẹ̀. MACI náà wà, èyí tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 2016, wọ́n á bu díẹ̀ lára cartilage tìẹ, wọ́n á tọ́jú ẹ̀ kó pọ̀ sí i, wọ́n á tẹ́ ẹ sórí awọ fẹ́lẹ́ kan kí wọ́n tó dá a padà. Ara ẹlẹ́dẹ̀ lawọ yẹn ti wá, tí màmá bá jẹ́ Mùsùlùmí kó mọ̀. Ojú kan tó bàjẹ́ ni wọ́n ń tún ṣe, orúnkún tó ti gbó tán bíi tèmi, rárá.

Físíò, ìyẹn eré ìdárayá tí wọ́n fi ń wo ara, ló gbà mí. Mo ń jókòó, mo so àpò iyanrìn kékeré mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, mo ń gbé e sókè, mo tún dín ìwúwo mi kù díẹ̀, mo sì ta bọ́ọ̀sì ra ọ̀tọ́, ìyẹn ọkọ̀ tí ò ní klọ́ọ̀ṣì. Kí màmá kọ́kọ́ ya x-ray. Tó o bá ṣì fẹ́ ẹ̀rọ náà, tèmi wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wá gbé e lọ́fẹ̀ẹ́, bátìrì ẹ̀ ti kú ṣá.