Èsì: Ẹ má tíì sanwó ọkọ̀ ojú omi yẹn

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní ẹni tó ń tà á sọ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ẹ wá ń bèèrè bóyá kẹ́ ẹ sanwó. Ẹ má tíì san án. Ara ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ́ńjìnnì ṣeé pààrọ̀, àmọ́ títún ọkọ̀ tí igi inú rẹ̀ ti jẹrà ṣe lè ná yín ju owó tẹ́ ẹ fi rà á lọ.

Ọkọ̀ fáíbà tó ní igi láàárín ni mò ń sọ, bí ọ̀pọ̀ àwọn àtijọ́ ṣe rí. Tó bá jẹ́ onírin ni, ìpẹtà ni kẹ́ ẹ wá.

Ẹ rìn káàkiri orí rẹ̀. Ibi tó bá ń tẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ó ṣeé ṣe kí omi ti wọ ibẹ̀. Ẹ fi òòlù kékeré kàn án díẹ̀díẹ̀: ibi tó le á dún ko-ko, ibi tó ti jẹrà á dún bò-bò. Ẹ kan ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, níbi tí ẹ́ńjìnnì so mọ́. Ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀ dáadáa.

Ẹ ní kí wọ́n má tan ẹ́ńjìnnì kẹ́ ẹ tó dé, torí èyí tó ti gbóná máa ń fi àìsàn pamọ́. Bí ọ́ìlì bá funfun bíi wàrà, omi ti wọ inú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ fúnra yín wá ayẹ̀wò-ọkọ̀ tó mọṣẹ́. Ẹ má gba ẹni tí ọlọ́jà bá mú wá.