Ṣé dandan ni kí ẹja tí a kò sè wà nínú sushi, oúnjẹ ilẹ̀ Japan?

Rárá, kì í ṣe dandan. Ìrẹsì tí wọ́n fi fínígà, ṣúgà àti iyọ̀ pò ló ń sọ oúnjẹ náà di sushi. Ẹja àìsè tí wọ́n gé pẹlẹbẹ láìsí ìrẹsì, sashimi ni.

Nílé oúnjẹ Japan ní Ìkẹjà tàbí Victoria Island, ẹ lè béèrè sushi tí wọ́n fi kùkúḿbà, ẹyin díndín tàbí edé bíbọ̀ ṣe. Ti edé ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ jẹ, torí edé kì í ṣe àjèjì l'Ékòó.

Dídì ní -20°C fún ọjọ́ 7 máa ń pa aràn inú ẹja, ṣùgbọ́n kì í pa gbogbo kòkòrò àìsàn. Kí aláboyún yẹra fún ẹja tí iná kò kàn.