Ẹ BI WÁ: Ṣé kí ọmọ mi fi ìwé sílẹ̀ kó lọ máa kànṣẹ́ bíi Joshua?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Mẹ́ta nínú ìbéèrè tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ dá lórí Anthony Joshua, abẹ̀ṣẹ́-kù-bí-òjò ọmọ tiwa, mo wá kó wọn pọ̀ sójú kan.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 17, SS2 ló wà, ó ti ga ju bàbá ẹ̀ lọ. Láti bí oṣù mẹ́ta ló ti so àpò iyanrìn mọ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa tó ń gbá a láàárọ̀ lálẹ́, ó wá ní òun ò lọ sílé ìwé mọ́, pé ṣebí ọmọ Ṣàgámù ni Joshua, ẹ̀ṣẹ́ ló sọ ọ́ dolówó, òun náà fẹ́ lọ máa jà fówó l'Ékòó. Mo ti sunkún títí. Ṣé báyìí náà ni Joshua ṣe bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́? – Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Sábó, Ṣàgámù

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹ nu ojú yín nù, ẹ pe ọmọ náà kó jókòó, kẹ́ ẹ ka èyí sí i létí. Joshua tó ń wò yẹn ò fi ìjà owó bẹ̀rẹ̀ o. Iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe n'Ílùú Ọba, ó ti pé ọmọ ọdún 18 kí mọ̀lẹ́bí ẹ̀ kan tó mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ ní Finchley, London, ní 2007, látìgbà yẹn títí di 2013, ọdún mẹ́fà nìyẹn, amatọ̀ ló ń jà, ife ẹ̀yẹ àti mẹ́dà sì ni wọ́n ń dù níbẹ̀. Ó jà tó 43, ó fìdí rẹmi nínú mẹ́ta. Abẹ̀ṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Dillian Whyte nà án ní 2009, ẹ ò lè gbọ́ kó sọ pé òun ò ṣe mọ́, ó padà sí jíìmù ni.

Ní 2010 tó gba ife ABA, ìyẹn ìdíje àwọn amatọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n gbé 50,000 pọ́n-ùn síwájú ẹ̀ pé kó fi amatọ̀ sílẹ̀ kó wá máa jà fówó. Ó kọ̀. Ó ní mẹ́dà lòun ń wá. Ìyá wa, ẹ tún ibẹ̀ yẹn kà fún un lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tó ti gbé bíríkì rí, 50,000 pọ́n-ùn, ó ní rárá.

Kì í ṣe áńgẹ́lì náà o, mi ò ní tàn yín. Ọlọ́pàá ká igbó mọ́ ọn lọ́wọ́ ní 2011, wọ́n dá a dúró ní tíìmù Britain, kóòtù ní kó fi 100 wákàtí ṣiṣẹ́ ìlú lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ ìparí ọdún yẹn náà ló jà dé fáínà ìdíje àgbáyé ní Baku, tí Majidov ará Azerbaijan sì fi ojú àmì kan ṣoṣo jù ú lọ, 22 sí 21. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló gba wúrà Òlíńpíìkì. Ìjà àkọ́kọ́ tó jà fówó, October 5, 2013 ni, kò sì lò ju ráúǹdì kan lọ, ìjà ẹlẹ́ẹ̀kẹrìndínlógún ló sì fi gba bẹ́líìtì àgbáyé lọ́wọ́ Charles Martin ní April 2016. Àwọn ọ̀dọ́ wa kàn ń rí ọdún mẹ́ta yẹn ni, wọn ò rí mẹ́fà tó ṣáájú.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn rèé. Ráúǹdì mẹ́ta ni ìjà amatọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, nígbà tiẹ̀ wọ́n ṣì ń dé akoto tìmùtìmù sórí, tójú èèyàn bá ṣú, rẹfirí á kà fún un, kò ní pẹ́ tó fi máa dá ìjà dúró. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jà fówó, orí lásán ni, tó bá jẹ́ ìjà bẹ́líìtì ó di ráúǹdì 12, ìṣẹ́jú 36 gbáko tí ọkùnrin tó wúwo ju 100 kílò lọ á fi máa wá orí ẹ. Ọmọ tí ò tíì kọ́ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ tó já sáàárín ìyẹn, orí ẹ̀ làwọn ẹlòmíì á fi kọ́ṣẹ́. Ọpọlọ ni wọ́n ń gbá yẹn o, kì í ṣe àpò.

Ẹ má sọ pé kò gbọdọ̀ kànṣẹ́ mọ́ o, á kàn máa sá lọ ṣe é níbi tẹ́ ò ti ní rí i ni. Àmọ́ kó tú iyanrìn yẹn dà nù lónìí. Iyanrìn máa ń kì sísàlẹ̀ àpò, á le bí òkúta, ọrùn ọwọ́ ló máa ń bà jẹ́. Àkísà ni kó kì í kún, kó sì fi báńdéèjì wé ọwọ́ méjèèjì kó tó gbá a. Ẹ wádìí lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó eré ìdárayá ní ìpínlẹ̀, kí wọ́n júwe kóòṣì amatọ̀ fún yín, ẹ tẹ̀ lé e lọ fúnra yín, ẹ wò ó bóyá ó ń fi àwọn ọmọdé jà pẹ̀lú àgbàlagbà, tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀. Ìwé ńkọ́? Kó parí ẹ̀. Kò sóhun tó ń lé e, 18 ni Joshua kó tó wọ gílọ́ọ̀fù.

ÌBÉÈRÈ: Àbúrò mi ní ṣe ni wọ́n fi góòlù London 2012 ta Joshua lọ́rẹ, pé ojú àmì wọn dọ́gba. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé Mayflower ìlú wa níbí ló sì lọ? – Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Ìkẹ́nnẹ́

ÌDÁHÙN: Àbúrò, òótọ́ ni pé ó dọ́gba, 18 sí 18, òun àti Roberto Cammarelle ará Italy tó gba wúrà Òlíńpíìkì Beijing ní 2008. Nígbà yẹn adájọ́ márùn-ún ló ń tẹ bọ́tìnì, kálukú ń ka ẹ̀ṣẹ́ tiẹ̀, máàkì mẹ́ta nínú wọn ni wọ́n sì fi ń ṣírò ojú àmì. Tó bá wá dọ́gba, wọ́n á padà ṣírò máàkì táwọn adájọ́ tẹ̀, Joshua ní 56, Cammarelle ní 53. Òfin ni, ẹnì kan ò ta á lọ́rẹ. Mo gbà pé ìjà yẹn sún mọ́ra gan-an, tèmi tí mo fẹ́ràn Joshua náà, ọkàn mi ò balẹ̀ títí wọ́n fi gbé ọwọ́ ẹ̀ sókè.

Mayflower ló lọ, oṣù díẹ̀ ló lò. Ó ti sọ ọ́ fúnra ẹ̀ pé òun rò pé ọlidé lòun wá ṣe, àfi bó ṣe bá ara ẹ̀ ní bọ́dìn, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí wọ́n ti jí, ó di kí wọ́n lọ pọn omi. Ṣebí ilé ìwé tí Tai Solarin dá sílẹ̀ ní 1956 nìyẹn, ta ló ń bá ẹ ṣeré níbẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ìgbà tí Ruiz oníkùn yẹn gbá Joshua ṣubú, mo sọ fáwọn ọmọ mi pé ojú lásán kọ́, ọwọ́ aráyé ni. Kí lẹ rí sí i? – Àgbà kan, Ìjẹ̀bú-Òde

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú àgbà. Ilé kan tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù n'Ípẹ̀rù ni mo ti wo ìjà yẹn, June 2019, aago mẹ́rin ìdájí ń lọ lù, gbogbo wa dákẹ́ rọ́rọ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká gbé aráyé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ráúǹdì kẹta, Joshua ló kọ́kọ́ gbé Ruiz ṣánlẹ̀, ìyẹn dìde, Joshua wá sáré wọlé pé òun fẹ́ parí ẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ́ òsì Ruiz ti bá a lẹ́bàá etí. Látìgbà yẹn ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í ṣe tiẹ̀ mọ́. Ó ṣubú lẹ́ẹ̀mejì ní ráúǹdì yẹn, lẹ́ẹ̀mejì ní ìkeje, rẹfirí bi í bóyá ó ṣì fẹ́ jà, ó fara ti okùn, ìjà parí. Ìwàǹwára ni, bàbá. Ẹni tí wọ́n ń retí pé kó bá jà kọ́ ni Ruiz tẹ́lẹ̀ pàápàá, àyẹ̀wò oògùn ló yọ Jarrell Miller kúrò.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀, December 7, ní Saudi, ẹ rántí bó ṣe jà? Kò sáré wọlé. Jáàbù, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ iwájú tó máa ń yára, á yẹ̀ ẹ́, jáàbù, á tún rìn kúrò, ráúǹdì 12 gbáko, àwọn tá a jọ ń wò ó ń pariwo pé ìjà ò dùn. Inú tèmi dùn dénú, torí ìjà amatọ̀ Finchley gan-an ló jà yẹn, òun ló fi gba bẹ́líìtì ẹ̀ padà. Oleksandr Usyk, ará Ukraine, tó sì nà án lẹ́ẹ̀mejì ní 2021 àti 2022, tẹ́ ẹ lè fẹ́ sọ pé aráyé tún dé, London 2012 yẹn náà lòun ti gba wúrà tiẹ̀, nínú àwọn oní 91 kílò. Ẹni tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ yege lọ́dún kan náà ló nà án, bàbá, ó kàn mọ̀ ọ́n jù ú lọ ni.