Kí ló ń jẹ́ kí ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ máa kú, kó tún máa jí? Kí ló sì dá a dúró?

Ilẹ̀ ni gbòǹgbò rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí ọdún 1835, àwọn tí ogun lé kúrò nílé wá sí Ifẹ̀, àwọn ará Ifẹ̀ sì fún wọn ní ilẹ̀ láti gbé àti láti dáko; àwọn ló wá di ará Modákẹ́kẹ́. Lójú ọ̀pọ̀ ará Ifẹ̀, àlejò ni wọ́n, ìṣákọ́lẹ̀ ni wọn yóò sì máa san. Lójú ará Modákẹ́kẹ́, ibi tí wọ́n sin bàbá ńlá ẹni sí kì í ṣe ìdálẹ̀ mọ́. Wọ́n jà ní 1849, wọ́n jà ní 1981. Ní 1997, ibi tí olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ yóò wà ló tún koná mọ́ ọn, iná yẹn kò sì kú títí di 2000.

Ohun tó máa ń dùn mí jù ni pé ọmọ tó rí i tí wọ́n jó ilé bàbá rẹ̀ ni yóò gbé ìbọn nígbà tó bá dàgbà. Ṣọ́jà àti kónílé-ó-gbélé lè pa ìró ìbọn mọ́lẹ̀, wọn kò lè pa ìrántí. Ìjíròrò ló ràn wọ́n lọ́wọ́ jù: aṣojú ìlú méjèèjì jókòó nínú ìgbìmọ̀ àlàáfíà, àwọn ọ̀dọ́ tó dojú ìbọn kọ ara wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí àhesọ bá sì dé, ó yẹ kí ẹni tí ìhà méjèèjì fọkàn tán tètè lọ wádìí rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.